Bí Ariwo Ẹgbẹ́ Wa Ṣe Di Orin

Inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí mo ti ń lé kiri láti ìgbà náà wá. Ọjọ́ ìsìn ìdúpẹ́ ni. Èmi ni mò ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn tó ń lo ohun èlò. A ò tíì dé ìdajì orin kejì tí sípíkà tó wà lẹ́yìn mi fi fà ya. Lójú ẹsẹ̀, ohùn gìtá mi yí padà. Ohun tó ti ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá ń kùn bí agbọ́n tí wọ́n fi igi tọ́ nínú ilé rẹ̀.

Àwọn ìyá ìjọ dá ijó dúró. Olùdarí orin ń juwọ́ sí mi pé kí n pa á. Mi ò pa á. Mo tẹ okùn kan mọ́lẹ̀, mo fà á sókè díẹ̀, ohùn náà sì ń gùn lọ, kò fẹ́ kú. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, olùdarí orin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé o ò rí mi nígbà tí mò ń juwọ́ ni?"

"Mo rí yín, sà."

"Kí ló wá dé tí o ò dá a dúró?"

"Ó dùn mọ́ mi, sà."

Ó wò mí bí ẹni tó ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń jẹ yẹ̀pẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò bú mi. Ó kàn ní kí n lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ fún mi ní sípíkà tó ya yẹn. Wọ́n fún mi. Mo gbé e rù láti Kétu dé ilé wa ní Ìkòsì, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi pàdé mi lọ́nà, wọ́n ní, "Aunty, ẹ kú ẹrù o!" Olùkọ́ ìṣirò ni mí, wọn ò rí mi rí pẹ̀lú ẹrù lórí. Oṣù mẹ́ta pé. Mo ṣì ń lọ jọ́sìn níbẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n mi ò padà sídìí gìtá wọn mọ́.

Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà ní orúkọ. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é, àti pé ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí àwọn olóyìnbó ń pè ní saikẹdẹ́líìkì: orin tó máa ń gùn, tí ohùn rẹ̀ máa ń tẹ̀, tó máa ń yí, tó máa ń mú ọkàn ẹni tó jókòó sójú kan rìn jìnnà. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù mi títí tí mo fi mọ̀ pé mo fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kì í ṣe níbòmíì, níbí. Mo mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mi ò ṣiyèméjì rí lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíì tó gbà mí gbọ́ nígbà náà.

Ìrìn àjò mi sí Owódé Onírin ló bí onílù wa. Mò ń wá irin pẹlẹbẹ tí màá fi ṣe àpótí fún sípíkà náà. Bí mo ṣe ń kọjá lọ láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ohun kan tó ń dún gooro. Ọkùnrin kan ló jókòó síwájú ọjà rẹ̀, ó to àwọn dúrọ́ọ̀mù bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, ó ń fi òòlù kékeré lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé àwọn kan sí apá ọ̀tún, ó ju àwọn kan sí apá òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń gbọ́ níbẹ̀?"

"Mò ń gbọ́ bóyá ó ti sán," ó ní, kò gbójú sókè. "Èyí tó bá sán, ojú lè má rí i. Ṣùgbọ́n tí o bá lù ú, á sọ̀rọ̀ kan, á dákẹ́. Èyí tó bá dá ṣáṣá, á máa kọrin lọ."

"Ṣé ẹ̀ ń tà á bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú etí lásán?"

"Etí mi ò purọ́ fún mi rí."

Mo ní kó jọ̀ọ́ lu mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dá ṣáṣá tẹ̀ léra wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó lù wọ́n. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta irin l'Ékòó, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé onílù ni. Èmi ni mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn dúrọ́ọ̀mù bíréèkì náà ló sì ń lù fún wa láti ìgbà náà.

Olórin wa, ọ̀dọ́bìnrin kan, rọrùn láti rí, nítorí àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé Mùsùlùmí tó ni ilẹ̀ ní Ìkòsì ni ìdílé wọn. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Ifákọ̀, ó sì máa ń kọrin ní àsàlátù tí ìyá rẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n ó máa ń wọlé síni lára. Nígbà tí mo lọ bá a, ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Aunty, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ orin náà fúnra mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, fún wa ní yàrá kan lẹ́yìn ilé. Àwọn oníṣòwò ọjà Mile 12 ló ti ń kó ata gbígbẹ sí yàrá náà tẹ́lẹ̀. Oṣù kan gbáko la fi ń sín bí a bá ń fi orin dánra wò. Ní orin wa àkọ́kọ́ tí mo gbà sórí fóònù, ó kéré tán ibi mẹ́rin wà tí onílù ti sín, tó sì tún ń lu ìlù lọ.

Ariwo ni wá nígbà náà. N ò ní parọ́. Orin wa ń sáré, gìtá mi ń ké, èdè òyìnbó la fi ń kọ ọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a gbọ́ ṣe ń ṣe é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a jáde, gbọ̀ngàn kékeré kan ní Kétu ni. Ó tó ogójì ènìyàn tó wá. A ta orin kan, àwọn kan dìde. A ta èkejì, ìlà ẹ̀yìn ṣófo. Láàárín orin kẹta, ọkùnrin kan rìn wá síwájú, mo rò pé ó fẹ́ jó. Ó yọ síkúrú-dẹ́rẹ́fà lápò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ampilifáyà mi.

"Ọ̀gá mi, kí lẹ fẹ́ ṣe?" ni mo bi í.

"Ẹ má bínú, Aunty. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó. Ó dà bíi pé wáyà kan ti já níbẹ̀."

Àánú wa ló ń ṣe é. Onílù wa fi orí lé orí ìlù, ó ń rẹ́rìn-ín, kò lè lù ú mọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Àlàájà wà níbẹ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ló jókòó títí dé ìparí. Lọ́jọ́ kejì, ó pè wá sí iwájú ilé rẹ̀.

"Mo gbọ́ yín láná," ó ní. "Ẹ lágbára. Ṣùgbọ́n ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ó nawọ́ sí olórin wa.

"Èmi ni mo bí ọmọ yìí. Ó dúró níwájú mi, ó kọrin wákàtí kan, mi ò mọ ohun tó sọ. Ṣé ìjà lẹ bá wa jà ni, àbí ẹ kí wa?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe yí sí Yorùbá. Kò rọrùn bí mo ṣe rò. Orin kan tí olórin wa kọ́kọ́ kọ dá lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti òkè Ọya: *Ọkọ̀ mi ń bọ̀, ó ru ata, ó ru oòrùn.* Ó dùn lójú ìwé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fún un ní ohùn, mo sì jẹ́ kí ohùn náà wà lójú kan, kò lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó ti lọ. Nígbà tí a kọ ọ́ nínú ọgbà Àlàájà, àwọn ayálégbé obìnrin tó ń fọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pa àtẹ́wọ́, wọ́n ń kí olórin wa kú oríire. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín sọ. Àlàájà jáde síta.

"Ọkọ wo ló ń bọ̀ tí mi ò mọ̀?"

"Mummy, ọkọ̀ ni mo ní! Ọkọ̀ akẹ́rù!"

"Ọkọ ni mo gbọ́ o. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ó tún wá ru ata. Ṣé aláàárù ni ọkọ ọ̀hún ni?"

Ojú tì mí ju ti olórin lọ. Mo wọlé, mo gbé pátákó tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ lésìnnì, mo kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà sí i, mo fi àmì ohùn sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá mú gìtá, mo ń wá ohùn tó bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mu. Ọjọ́ yẹn ni ohùn ẹgbẹ́ wa bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Okùn gìtá ṣeé fà. Tí ọ̀rọ̀ bá ròkè, mo fà á lọ sókè. Tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, mo dẹ̀ ẹ́. Ohun tí àwọn olóyìnbó ń fà nítorí kó lè dùn, èmi ń fà á nítorí kó má baà di ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo lè ta ìlà kan lórí gìtá láìkọrin, olórin wa á sì sọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ fún mi.

Láti ibẹ̀, ọwọ́ wa tú. Atúnrédíòṣe kan ní Kétu bá mi ṣe àpótí kékeré kan tí mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tó máa ń mú kí ohùn padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ìgbà tí ènìyàn bá ké sínú kànga. Orin ọkọ̀ akẹ́rù gùn sí i títí ó fi di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A gbé fóònù lọ sí Mile 12 lówùúrọ̀ láti gba ohùn ibẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń já apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì, bí ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀, bí àwọn aláàárù ṣe ń sáré. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi àpò àlùbọ́sà gbá mi lulẹ̀. "Gáfárà, Mummy, gáfárà!" ó ké. Ohùn rẹ̀ wà nínú orin náà. Mo wá a kàn ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀, ó ní kí n tún un gbé fún òun, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì fi etí sí fóònù mi bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé.

Yàrá kékeré kan ní Ifákọ̀ la ti gba orin náà sílẹ̀ dáadáa, a sì gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọkùnrin tó ni yàrá náà ní kí a gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Aunty, kò sẹ́ni tó máa fetí sí orin tó gùn tó báyìí."

"Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ gbọ́ ọ máa gbọ́ ọ," mo ní.

Wọ́n gbọ́ ọ. Ó pẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n pè wá sí Yábàá, wọ́n pè wá sí Ìbàdàn, wọ́n pè wá sí Abẹ́òkúta. Bí àwọn tó ń wá ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi kún ariwo gìtá. Mo ra ampilifáyà kejì, mo tò wọ́n léra. Inú mi máa ń dùn láti rí i tí aṣọ ara àwọn tó wà níwájú ń gbọ̀n.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe nìyẹn, èmi náà ni mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo dé ṣọ́ọ̀bù onílù wa ní Owódé Onírin, mo bá oníbàárà kan níbẹ̀ tó ń bínú. Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì kan wà nílẹ̀ láàárín wọn. Mẹkáníìkì rẹ̀ ló rí i nígbà tó fẹ́ẹ́ dè é mọ́ ọkọ̀: ó ti sán láti etí dé etí.

"Ẹ̀yin lẹ lù ú níwájú mi! Ẹ̀yin lẹ ní ó dá!"

Onílù wa bẹ̀ ẹ́, ó fún un ní òmíràn. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó jókòó, ó gbé dúrọ́ọ̀mù tó sán náà lé orí ẹsẹ̀. Ó lù ú. Mo gbọ́ ọ. Kẹ́. Ọmọdé pàápàá á mọ̀ pé ó ti sán.

"Báwo ló ṣe dún?" ó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Ó ti lé ní ọdún kan tí etí òsì mi ti ń hó bíi omi orí iná. Ọ̀tún náà ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Ọdún kan! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. "Kí n sọ fún ta ni? Ìwọ tí a bá ní kí o dín gìtá kù, tó jẹ́ pé ńṣe lò ń fi kún un?"

Òótọ́ ni. Ó ti sọ fún mi, ó kéré tán ìgbà mẹ́wàá, pé kí n dín in kù, èmi sì rò pé ọ̀rọ̀ orin ló ń sọ.

Mo bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà náà, obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, yẹ etí rẹ̀ wò pẹ́. Ó ní ohun tó ti lọ lápá òsì kò ní padà, ṣùgbọ́n tó bá tọ́jú apá ọ̀tún, yóò sìn ín dalẹ́. Ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ tó mú wọn wá ńkọ́? Ṣé o ò ní jókòó kí n wo tìẹ náà?" Ó wò mí. Tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí a dé yàrá wa ní Ìkòsì, onílù wa ní kí a wá ẹlòmíì. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rò ó tán.

Olórin wa kò jẹ́ kó parí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá lọ, èmi náà ń lọ. Ẹ ti gbọ́."

Mo yọ ampilifáyà kan kúrò lórí èkejì, mo gbé e síta. Mo yí bọ́tìnnì èyí tó kù láti mẹ́sàn-án sí méjì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Ó burú. Ẹ jọ̀ọ́, ó burú jáì! Gbogbo ohun tí ariwo ti ń bò láṣìírí fún wa ló yọ síta. Mo gbọ́ bí ìka mi ṣe ń yọ̀ lórí okùn. Mo gbọ́ ibi tí a kì í ti í bọ́ sí i papọ̀. Mo gbọ́ èémí olórin wa, mo sì rí i pé fún ọdún wọ̀nyí, mo ti ń bo ohùn tó dára jùlọ nínú ẹgbẹ́ wa mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Oṣù mẹ́fà la fi kọ́ bí a ṣe ń ta orin wa ní jẹ́jẹ́. Onílù wa gé rọ́bà inú táyà, ó dì í mọ́ orí ọ̀pá ìlù rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó ní òun ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ohun tí etí òsì ò gbọ́ mọ́. Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì rẹ̀ ò ké mọ́, ó ń hùn. Èmi náà wá mọ̀ pé ohùn kan tí a bá fi sílẹ̀ kó gùn, tí a ò fi òmíràn lé e, lè gbé ènìyàn lọ jìnnà ju ampilifáyà mẹ́wàá lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù onílù wa, ìyàwó rẹ̀ ń jókòó tì í, kò sì sí dúrọ́ọ̀mù tó ń jáde tí àwọn méjèèjì ò bá tíì jọ gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun alásàrì, a pe àwọn ènìyàn sí ọgbà Àlàájà. A ò ṣe pèpéle. A jókòó láàárín, wọ́n jókòó yí wa ká. A bẹ̀rẹ̀ orin ọkọ̀ akẹ́rù, tó ti di ogún ìṣẹ́jú báyìí. Bóyá a ti dé ìdajì rẹ̀ tí iná lọ.

Nígbà kan rí, ibẹ̀ ni à bá parí sí. Ampilifáyà dákẹ́, ó ku okùn lásán lọ́wọ́ mi, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi ti kòkòrò. Mo wo onílù. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé iná ti lọ, ó ń lù ú lọ. Olórin náà ò dúró. Mo ní ó dáa, mo ń ta á lọ. Ọkùnrin ayálégbé kan dìde láti lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Àlàájà gbé ọwọ́ sókè. "Fi sílẹ̀," ó ní. "Fi sílẹ̀, a ti ń gbọ́ wọn."

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fa àga sún mọ́ wa, díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ kó dún, títí orúnkún àwọn tó wà níwájú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìtá mi. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Ìyá kan di ojú, orí rẹ̀ ń mì. Mo ta ìlà tí olórin ò kọ, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn mi ń fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde: *ó ru oòrùn.* Ìgbà tí iná dé, kò sẹ́ni tó pariwo. Èmi ni mo na ẹsẹ̀, mo fi pa ampilifáyà.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, a gba àwọn orin wa sílẹ̀ lọ́tun bí a ṣe ń ta wọ́n báyìí, ó sì jẹ́ pé àwọn yẹn ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí a ti ṣe. Àwọn tó mọ̀ wá ní ìgbà ariwo máa ń bi mí pé ṣé a ti darúgbó ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọṣẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olórin wa dé pẹ̀lú èrò tuntun. Ó mú fèrè kan dání, ó ní òun fẹ́ fọn ọ́n nínú orin tí a ń ṣe lọ́wọ́.

"Fèrè?" mo ní. "Fèrè á bò wá mọ́lẹ̀."

"Aunty, ẹ ò tíì gbọ́ ọ."

"Mi ò ní láti gbọ́ ọ kí n tó mọ̀."

Onílù wa ti ń bọ́ bàtà. Ó yí etí ọ̀tún sí wa, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó fọn ọ́n ná."

Olórin wa fọn ọ́n. Mo gbọ́ ọ títí ó fi tán, mo ní kó tún un fọn, mo sì mú gìtá mi.